Ibi Tí Eilert Ti Ń Ká Múltè

Kò sí arìnrìn-àjò tó dé Skarvnes, abúlé wa létí òkun, tí Gunnvor kò júwe ọ̀nà fún. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti já wọn sílẹ̀ ní èbúté, tàwọn ti àpò tó ga ju orí wọn lọ, ilé pupa rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, òun náà á sì ti yọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má gba etí odò o, òjò ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ gbà. Tẹ́ ẹ bá dé orí òkè Storskar, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí, kí afẹ́fẹ́ má gbé búrẹ́dì yín lọ."

Ó máa ń sọ ibi tí ẹja ti ń jẹ ìwọ̀, ó máa ń sọ ibi tí wọ́n lè pàgọ́ sí tí àgùntàn kò ní jẹ okùn àgọ́ wọn. Eilert ọkọ rẹ̀, apẹja tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló máa ń sọ pé ẹni tó bá sọ nǹkan fún Gunnvor, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò wa ti ń wá. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín, Gunnvor pàápàá sì máa ń bá wa rẹ́rìn-ín.

Òun náà ló ń tọ́jú ahéré àwọn arìnrìn-àjò tó wà lórí òkè, ó ti tó ọdún méjìlélógún. Ní gbogbo Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á gun òkè lọ, á gbálẹ̀, á wo igi ìdáná, á sì ka ìwé. Ìwé ńlá kan wà lẹ́bàá fèrèsé níbẹ̀, tí ẹni tó bá sùn síbẹ̀ ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ibi tó dára tó rí, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè débẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni Gunnvor fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ìwé náà tàbí pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan da ọbẹ̀ sí i nígbà kan, Gunnvor sì kọ lẹ́tà ìbáwí sí i títí dé ilé rẹ̀ ní Trondheim.

Obìnrin tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ òkè yìí, ibì kan ṣoṣo ni kò mọ̀. Kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ká múltè.

Inú irà ni múltè, èso kékeré kan, ti ń so, ẹyọ kan péré lórí ewéko kọ̀ọ̀kan. Bó bá pọ́n, á dà bíi wúrà, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ó sì ti tán. Àwa ará Skarvnes, a máa ń yá ara wa lọ́kọ̀, a kì í ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa sọ ibi tí òun ti ń ká múltè fún ẹnikẹ́ni. Bàbá kì í sọ ọ́ fún ọmọ àfi tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀. Ní gbogbo oṣù kẹjọ, Eilert á jáde ní ìdájí, á sì padà lọ́sàn-án pẹ̀lú korobá méjì tó kún dẹ́nu.

"Níbo lo ti ká a?"

"Lórí òkè."

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni wọ́n fi ń wí bẹ́ẹ̀ fún ara wọn. Gunnvor tẹ̀lé e lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Eilert mú un yí òkè ká títí àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ fi já, lẹ́yìn náà ló jókòó, ó bu kọfí fún un.

Ọdún kẹfà rèé tí Eilert ṣubú nínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, tí ètè rẹ̀ ń mì, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ tó jáde, títí ó fi kú. Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti ń jẹ Gunnvor lọ́kàn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ èso.

"Ṣé kò fọkàn tán mi ni?" Ní ọdọọdún ló máa ń bi Hallvard, àbúrò Eilert.

"Ìyàwó wa, èmi tá a jọ mu ọmú kan náà, kò sọ fún mi. Ṣé ìwọ tí ẹnu ẹ ò nílẹ̀kùn ló fẹ́ sọ fún?"

"Ẹnu tèmi ni ò nílẹ̀kùn? Ìwọ tó jẹ́ pé tó o bá mu bíà kan, gbogbo èbúté ló máa gbọ́ àṣírí ẹ!"

"Ìdí tí ò fi sọ fún èmi náà nìyẹn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Gunnvor á sì lọ sunkún nínú ilé.

Ó ti wá ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ó kan ibi múltè àwọn ẹlòmíràn, ó sì yára kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá onílé. Lọ́dún yìí, dókítà sọ pé àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún un ní oṣù kẹwàá, àti pé kò ní lè gun òkè mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú ahéré. Bí kò bá rí ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ yìí, kò tún ní rí i mọ́ láéláé.

Ní Sátidé kejì oṣù náà, wákàtí mẹ́ta ló fi gun ibi tó máa ń fi wákàtí méjì gùn tẹ́lẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó sì ṣí ìwé. Tọkọtaya kan láti Dẹ́ńmáàkì, Mette àti Jeppe, ló kọ̀wé gbẹ̀yìn. Wọn ò lo pẹ́ńsù tí a so mọ́ ìwé náà, gègé oníyíǹkì ni wọ́n fi kọ ọ́:

"Kùrukùru mú wa ṣìnà, a sì dúpẹ́ pé a ṣìnà. Ẹ rékọjá adágún kékeré, ẹ gba àárín òkúta ńlá tó là sí méjì. Atẹ́gùn kì í dé ẹ̀yìn ibẹ̀. Ẹnì kan ti gbé pákó ìjókòó síbẹ̀, ó sì fi kẹ́tùlù búlúù tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ wáyà kọ́ sórí igi. Ẹ óò rí òkun àti ilé pupa kan. Àwọn èso kan tó pọ́n bí ọsàn kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ wọ́n, a ò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ rí i pé ẹ débẹ̀."

Kẹ́tùlù búlúù! Kẹ́tùlù ìyá Gunnvor ni. Gunnvor fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́ ọwọ́ kẹ́tùlù náà, Eilert sì sọ pé ó ti já sínú òkun. Gunnvor jókòó gbì. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò ní òkè, tí wọn ò mọ múltè yàtọ̀ sí kárọ́ọ̀tì, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi rí ibi tó ti ń wá fún ọdún márùn-ún! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, omi náà kò sì dá bọ̀rọ̀.

Ó gbé korobá, ó lọ. Òkúta tó là náà, ó ti kọjá níwájú rẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó sì rí i: irà tó ń tàn bíi wúrà, kẹ́tùlù lórí igi, àti pákó tí òjò ti sọ àwọ̀ rẹ̀ di bíi ti eérú. Ó jókòó síbi tí Eilert máa ń jókòó sí, ó wo iwájú.

Ilé pupa náà, ilé rẹ̀ ni. Nínú gbogbo Skarvnes, òun nìkan ni èèyàn lè rí láti ibẹ̀. Ó rí aṣọ tó sá láàárọ̀, ó rí ẹnu ọ̀nà tó máa ń dúró sí láti júwe ọ̀nà fún àlejò. Ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógójì yẹn, bí Eilert bá ti ká èso tán, ibí ló ń jókòó sí mu kọfí, tó sì ń wo ìyàwó rẹ̀.

"Èèyàn burúkú," ni ó wí, ó sì ń sunkún. "O ò ṣe sọ fún mi?" Ṣùgbọ́n inú tó ti ń bí i láti ọdún mẹ́fà wá ti rọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, òun náà á lè máa wo òkúta tó là yìí, kò sì sí ohun tí orúnkún fẹ́ ṣe sí ìyẹn. Ó ká múltè kún korobá. Ó já kẹ́tùlù kúrò lórí igi, kí ẹlòmíràn má baà rí i.

Nígbà tó padà dé ahéré, àwọn ọmọbìnrin méjì láti Oslo ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ kúuṣẹ́ o! Háà, múltè! Níbo lẹ ti rí i?"

Gunnvor la ẹnu láti júwe ọ̀nà. Kò tíì fi ọ̀nà du ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

"Lórí òkè," ni ó wí.

"Apá ibo lórí òkè?"

"Òkè náà ni, ọmọ mi. Storskar ni kẹ́ ẹ lọ. Apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí."

Ó wọlé, ó fọ kẹ́tùlù búlúù, ó sì se kọfí nínú rẹ̀. Ó bu fún àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé sí ojú ewé àwọn ará Dẹ́ńmáàkì, ó sì da kọfí tó kù nínú kẹ́tùlù lé e lórí.

"Màmá! Kọfí ń dà sórí ìwé o!"

"Mo rí i," ni Gunnvor wí, ó sì ń rọra dà á lọ, tí yíǹkì ń ṣàn kúrò lójú ewé náà, títí ó fi dé ìlà tó gbẹ̀yìn.