Ọjọ́ Tí Tíṣà Lydia Wọ Kéèjì Ajá

Àwọn ará Kabong, ní ìlú Jos, kì í sọ̀rọ̀ Tíṣà Lydia Ọmọ́yẹmí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá a nínú kéèjì ajá.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Àlùfáà ìjọ rẹ̀ àti Bàbá Simeon, akápò ìjọ, wá wò ó nítorí pé kò yọjú sí ìpàdé ìkórè. Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, ni wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ká ẹsẹ̀ kò nínú kéèjì onírin. Ọmọ ajá méjì dúró níta, wọ́n ń wò ó láti àárín irin, wọ́n sì ń gbó o bí ẹni pé òun ni wọ́n wá wò ní ọgbà ẹranko. Fúnra rẹ̀ ló wọlé. Ilẹ̀kùn ló padé mọ́ ọn.

Bàbá Simeon sáré na ọwọ́ sí ìkọ́ ilẹ̀kùn. Tíṣà gbé ìka kan sókè.

"Ẹ má tíì ṣí i," ó ní. "Wọ́n ń gbó. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn nígbà tí wọ́n ń gbó, wọ́n á rò pé ariwo ló ń ṣí i."

"Tíṣà, àwọn kọ́ ló wà nínú rẹ̀," àlùfáà sọ fún un jẹ́jẹ́.

"Òfin lòfin. Àga wà lẹ́bàá kànga, ẹ fà á wá, ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìkórè láti ìta, Tíṣà ń dá wọn lóhùn láti inú. Nígbà tí ó kan àdúrà ìparí, àwọn ajá ò tíì dákẹ́, ni àlùfáà bá gbọ́wọ́ lé kéèjì, ó súre.

Ọmọ akọ̀wé rélùwéè ni Tíṣà Lydia. Ìléṣà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ó kọ́ ìdajì Kabong ní ìwé kíkà, kò sì gbà pé wọ́n ti jáde nílé ìwé. Bó bá pàdé ọ̀gá báńkì lójú títì, á ní kó ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò. Ọ̀gá báńkì náà á sì kì í bọ̀ ọ́.

Àwọn olè ló fa ọ̀rọ̀ ajá. Wọ́n fo ògiri wọlé, wọ́n kó gbogbo aṣọ tó sá. Mọ́tọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Abuja, bá fi ọmọ ajá méjì ránṣẹ́, pẹ̀lú kéèjì tí wọ́n á máa sùn sí.

"Yàrá wọn nìyẹn o, Màmi," Mọ́tọ́lá sọ lórí fóònù. "Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Bó bá mọ́ wọn lára, ara wọn á máa balẹ̀, wọn ò sì ní máa gbó ní ìgbà gbogbo."

Orúkọ ní í ro ọmọ, bí àwọn àgbà ṣe wí, nítorí náà Tíṣà sọ ọ̀kan ní Sùúrù, ó sọ èkejì ní Jẹ́jẹ́. Orúkọ ò ro àwọn wọ̀nyí rárá. Jẹ́jẹ́ jẹ bàtà ìsìn Tíṣà, ó hú gbogbo kábéèjì tó gbìn. Sùúrù já okùn lọ́jọ́ kan, ó sá jáde, Tíṣà sì ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé lójú títì bóyá wọ́n rí Sùúrù.

"Màmá," ọkùnrin kan tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù dá a lóhùn, "gbogbo wa là ń wá a."

Ṣùgbọ́n gbígbó wọn ló le jù. Wọ́n ń gbó àkùkọ, wọ́n ń gbó ọ̀kadà, wọ́n ń gbó atẹ́gùn. Alhaji Sàláúdéènì, ọmọ Ìlọrin tó ń ta bàtà ní àdúgbò Ali Kazaure, ni ilé rẹ̀ kan ògiri Tíṣà. Kabirat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Warith. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alhaji wá sẹ́nu ọ̀nà Tíṣà, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn.

"Sannu, Tíṣà."

"Yauwa, Alhaji. Ẹ kú òwúrọ̀."

"Àwọn ajá yín kì í jẹ́ kí ọmọ wa sùn."

"Ọmọ yín náà kì í jẹ́ kí àwọn ajá wa sùn. Ṣé mo wá bá yín?"

"Haba, Tíṣà. Ọmọ èèyàn ni Warith."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárúkọ wọn pọ̀."

Wọ́n ná ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń nájà. Alhaji ní kí àwọn ajá kúrò kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, Tíṣà ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ Ìkórè: bí wọn ò bá tíì dákẹ́ nígbà náà, wọ́n á lọ. Alhaji fi ayọ̀ padà sílé, ó ròyìn fún Kabirat bí òun ṣe borí. Kabirat bi í léèrè ìgbà tí Ìkórè máa bọ́ sí. Alhaji ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré mọ́ nígbà tí ọkùnrin kan gbọ́ sí i. Ẹran ajá, tí wọ́n ń pè ní fọ́-ò-fọ́, ni wọ́n ń sè ní búkà tí ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń ra ajá wá fún wọn. Ó wá ń kí Tíṣà ní àràárọ̀.

"Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Wọ́n mà ń sanra o."

Tíṣà, tó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ajá, bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn àgbàlá pa lójú ọ̀sán gangan.

Ó dojú kọ ẹ̀kọ́ wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó kàn tì wọ́n mọ́ kéèjì, ó sì ń pariwo pé kí wọ́n dákẹ́. Bó ṣe ń pariwo ni wọ́n ń pariwo.

"Màmi," Mọ́tọ́lá ní, "bẹ́ ẹ bá ń pariwo lé wọn lórí, wọ́n á rò pé ẹ̀yin náà ń gbó ni."

"Ṣé ajá ni mí?" Tíṣà bi í, ó sì pa fóònù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò pariwo lé wọn lórí mọ́.

Ó ń mú wọn rìn dé ìdí òkè kí oòrùn tó mú, kí ó lè rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá rí wọn lọ́nà kò ní mọ ẹni tó ń fa ẹnì kejì. Bí wọ́n bá dé, á ju kúlíkúlí sínú kéèjì, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí wọ́n máa wọlé kí wọ́n máa jáde. Nígbà tó yá, á tì í fún ìgbà díẹ̀, á jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá dákẹ́, á ní, "Ẹ ṣeun," á sì ṣílẹ̀kùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí. Síbẹ̀, láìsí ìdí kankan tí Tíṣà rí, wọ́n á kàn fò dìde nínú kéèjì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, Màmi," Mọ́tọ́lá sọ lórí fóònù.

"Sùúrù gan-an ló ń gbó."

Ìdí nìyí tó fi wọ kéèjì lọ́jọ́ Sátidé náà. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń rí. Ó rí i. Láti ibi tó ká ẹsẹ̀ kò sí, abẹ́ géètì ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀: bàtà, ewúrẹ́, táyà, gbogbo ohun tó bá ń kọjá lójú títì. Atẹ́gùn Jos sì ń wọlé sí i láti ẹ̀yìn, ó ń gbọ̀n.

Bí àwọn àlejò ṣe lọ, ó yí kéèjì kọjú sí ògiri, ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ó sì fi ògbólógbòó aṣọ akọrin rẹ̀ bò ó, ó ṣí iwájú sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láti òkèèrè á rò pé akọrin kan ló kúnlẹ̀ síbẹ̀ láti àná.

Ó ku díẹ̀ kí Ìkórè pé ni Alhaji tún wá. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò lè wojú Tíṣà.

"Tíṣà, mi ò gbọ́ ohùn wọn láti àárọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ọkùnrin tó ń ra ajá yẹn ti kó wọn lọ ni?"

Tíṣà tún gèlè rẹ̀ wé.

"Wallahi, mi ò ní kẹ́ ẹ tà wọ́n fún ọlọ́bẹ̀. Ariwo ni mo ní kó lọ. Mi ò sọ pé kí àwọn fúnra wọn lọ."

Tíṣà jẹ́ kó jìyà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló mú un dé ìdí kéèjì, ó sì gbé etí aṣọ akọrin sókè. Sùúrù àti Jẹ́jẹ́ ti gbé orí lé ara wọn, wọ́n ń hanrun. Alhaji mí kanlẹ̀. Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí Warith figbe ta láti òdìkejì ògiri. Àwọn ajá la ojú kan, wọ́n tún pa á dé.

"Tiwa ti dákẹ́, Alhaji," Tíṣà ní. "Ó ku tiyín."

Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tí Tíṣà kò lè fi kúlíkúlí kọ́. Níbi ìpàdé àwọn onílé, níbi tí gbogbo wọn ti máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, Tíṣà jókòó pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí itan. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ parí, á ní, "Ẹ ṣeun," á sì nawọ́ kúlíkúlí sí i. Ìpàdé ọjọ́ náà tòrò. Bàbá Simeon ti dé ilé, ó ṣì ń jẹ tirẹ̀ lọ́wọ́, kó tó yé e ohun tí wọ́n fi òun ṣe.

Ìgbà ọyẹ́ ni Tíṣà lọ, lójú oorun, láìda ẹnikẹ́ni láàmú. Mọ́tọ́lá wá sin ín. Ilé tó ń gbé ní Abuja kò gba ajá, ó sì ń ronú ẹni tí òun máa fi wọ́n sílẹ̀ fún. Alhaji Sàláúdéènì ló wá bá a kó tó bi ẹnikẹ́ni. Ó ní kò sí èèwọ̀ nínú kí ajá máa ṣọ́ ilé. Ó kọ́ àtíbàbà kékeré fún wọn nítòsí géètì rẹ̀, wọ́n sì gbé kéèjì lọ síbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n ń wò ó.

"Ilé," ó ní. Wọn ò mira. "Gida," ó fi Hausa gbìyànjú. Wọ́n jókòó.

Kabirat, tó ti ń gbọ́ ohùn Tíṣà lórí ògiri látọjọ́ yìí, sún mọ́ ọn. "Bàbá, kì í pè é ní ilé fún wọn. Ulé ló máa ń wí, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é."

Alhaji wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ọmọ Ìlọrin kankan wà nítòsí. Ó wúkọ́.

"Ulé."

Àwọn méjèèjì dìde, wọ́n wọlé.

Àdúgbò fi rẹ́rìn-ín títí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ohùn Alhaji bá dún níwájú géètì, àwọn tó wà nídìí ṣọ́ọ̀bù máa ń dá ọ̀rọ̀ wọn dúró díẹ̀.

Warith ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Hausa ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lójú títì, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan tí oorun ti ń kùn ún, ó fa etí aṣọ bàbá rẹ̀ àgbà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ulé."

Kabirat ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ilé ni. Alhaji ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀. Ó gbé e lé èjìká, wọ́n sì wọlé lọ.