Ẹ̀rọ Tí Kò Kú Ní Etí Mi

Ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ dákẹ́ kí á gbàdúrà sínú, ni mo gbọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́ èkùrọ́, tó ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Odigbo jìnnà sí ṣẹ́ẹ̀dì tí a ti ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Ore. Kò yẹ kí n gbọ́ ọ. Mo dìde, mo gun ọ̀kadà. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Mo gbé etí lé pákó: ó ń dún nínú ibẹ̀, hùùù, bí ìgbà tí èkùrọ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà tutù. Alángbá kan na ara rẹ̀ gbọọrọ sórí kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó máa ń yí lára ẹ̀rọ, ó ń wò mí. Ariwo náà kò dáwọ́ dúró.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin àgbà tó ń gbọ́ ohun tí kò sí, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa fún un.

Iṣẹ́ èkùrọ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Wọ́n ń gbé e wá fún wa láti Araromi-Obu, a ó sá a títí yóò fi gbẹ, ẹ̀rọ á fọ́ ọ, a ó wá ṣa ọmọ rẹ̀ kúrò lára èésan, èèpo líle tó fọ́. Tí a bá pa ẹ́ńjìnnì, kẹ̀kẹ́ kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Irin rẹ̀ dán débi pé ì báà máa yí, ì báà dúró, bákan náà ló rí. Etí la fi ń mọ̀ ọ́n. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí ìka méjì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ló fi òfin lélẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo ni yóò tẹ́tí títí ohùn náà yóò fi tán pátápátá, yóò wá ní, “Ó ti kú.” Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ láti kó èésan tó há síbẹ̀. Nígbà tí ìyá náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ló fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́.

Ní báyìí, ẹ̀rọ kò kú mọ́ ní etí mi. Tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, mo máa ka Àdúrà Olúwa nínú mi dé àmín, mo máa wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbọ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ka àdúrà náà yá jù. Mo ní, “Ó ti kú.” Dọ́káàsì, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ fa apá ẹ̀wù rẹ̀ ya dé èjìká. Ẹ̀wù náà ti gbó. Ìyẹn ló yọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ náà síwájú mi, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Màmá, kí lẹ gbọ́ tẹ́ ẹ fi sọ̀rọ̀?”

“Mi ò gbọ́ pé ó kú. Mo ṣì ń gbọ́ ọ báyìí.”

Kẹ̀kẹ́ ti dúró nígbà náà. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí.

“Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.”

Mo sọ ọ́, títí kan ti àdúrà. Mo rò pé yóò sá fún mi. Ó ní tí mo bá tún fẹ́ gbàdúrà lórí ọwọ́ òun, kí n máa gbà á sókè kí òun lè bá mi ṣe àmín. Lọ́jọ́ kejì, òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí.

Ọmọbìnrin kékeré ni dókítà náà. Ó ní iṣan tín-ín-rín kan ló ń gbé ohùn láti inú etí lọ sí ọpọlọ, ariwo ọdún gbọọrọ sì ti ba púpọ̀ nínú okùn rẹ̀ jẹ́. Ohun tó ń dé ọpọlọ ti dín kù. Ó lè jẹ́ pé ọpọlọ wá ń fi tirẹ̀ kún àlàfo náà. Ó ní wọn ò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán.

Mo bi í pé, “Ìgbà wo ni yóò dákẹ́?”

Ó ní, “Ó lè má dákẹ́ mọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n kí gbogbo yín máa dí etí yín, kó má bàa ṣe àwọn tó kù.”

Tí gbogbo wa bá wá dí etí, ta ni yóò gbọ́ ikú ẹ̀rọ? Dọ́káàsì ló ra ọ̀dà funfun, tó kán ẹyọ kan sára kẹ̀kẹ́. Tó bá ń yí, òrùka funfun la máa rí. Tó bá dúró, ó di ojú kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a fi ojú ṣọ́ ọ, kò sí ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Òrùka náà já, ó di ojú, ojú náà dúró, ó ń wò mí. Nínú orí mi, ẹ̀rọ ṣì ń yí kíkankíkan. Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá.