Ọjọ́ Tí Ìyá Arúgbó Kúnlẹ̀ Fún Mi

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé iléèwé tí mo ti ṣe tíṣà ní Ẹdẹ, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ẹnu ọ̀nà ni mo sọ, nítorí a kì í kọjá ibẹ̀. Bọ̀rọ̀kìnní kan, ọmọ ìlú wa tó ń gbé Àbújá, ló kọ́ ọ fún wa. Ó kó ìwé kún inú rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá iléèwé wa, obìnrin tó bẹ̀rù eruku ju àìmọ̀wé lọ, so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró. Ìgbà tí olóore náà bá ń bọ̀ nìkan la máa ń ṣí i. A ó kó àwọn ọmọ jókòó, a ó fún kálukú ní ìwé, wọn á ya fọ́tò, a ó sì gba ìwé wa padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹni. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ó rọrùn, ọ̀rẹ́ mi, láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìgboyà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dán wò lára tìẹ. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ìyá àgbà rẹ̀ ń fi gàrí yíyan tọ́. Òun ló gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ jù.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, òun la yàn láti ka ohun tó kọ nípa ilé ìkàwé níwájú àwọn òbí àti olóore wa. Ọ̀gá ti fi báírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ìdúpẹ́ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ náà bi mí pé, "Sà, èwo ni kí n kà?"

"Èyí tí o kọ."

Ó gbé orí sókè, ó kà á: "Wọ́n fún mi ní ìwé bí a ṣe ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Mo ka ojú ewé méjì, ó dùn gan-an. Wọ́n yà mí ní fọ́tò, wọ́n sì gba ìwé náà padà. Títí di òní, mi ò tíì mọ ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Olóore náà rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ láìjẹun. Mo rò pé a ti borí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò bá mi jà. Ọ̀gá kàn ní, "Tíṣà Yunifásítì, olóore wa ní àwọn ò bínú o. Kí ọmọ yẹn lọ kúnlẹ̀ nílé wọn níbí kí wọ́n tó padà sí Àbújá, kó ní irọ́ lòun pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá iléèwé mìíràn."

Mo ní láéláé. Mo tiẹ̀ ti ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn lọ́kàn ara mi, ó sì gún régé. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ọmọ náà, tí ọ̀gá ti ránṣẹ́ pè, ti wọlé, tòun ti ìyẹ̀fun gàrí lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi lórí sìmẹ́ńtì.

"Tíṣà, ọkọ mi, tiyín ló máa ń gbọ́. Ẹ bá mi sọ fún un."

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"N ò ní dìde. Ibo ni kí n mú un lọ?"

Ká ní ọlọ́pàá ni wọ́n rán sí mi ni, ǹ bá di akọni. Ṣùgbọ́n yunifásítì wo ló ń kọ́ni bí a ṣe ń sọ pé rárá fún arúgbó tó wà lórí ìkúnlẹ̀? Ìlú wa ò nílò ẹ̀wọ̀n fún ọlọ́rọ̀ ẹnu. Ẹ̀bẹ̀ ti tó.

Mo bá ọmọ náà nídìí fèrèsé. Mo ní kó lọ kúnlẹ̀.

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni, sà?"

"Rárá."

"Kí n wá sọ pé irọ́ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé kọ́là ló bàjẹ́. Ó wò mí pẹ́, ó sì lọ. Ní pálọ̀ olóore, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí sókè, ó la ohùn, ó sọ ọ́ ketekete bí mo ṣe kọ́ ọ pé kí á máa sọ̀rọ̀ láwùjọ. Wọ́n gbóríyìn fún un.

Iléèwé ò lé e. Ó ṣì ń wá ní ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá bi í ní èrò rẹ̀, á ní, "Ohun tí ẹ bá ti sọ náà ni, sà." Lónìí, ẹ̀fẹ̀ ni mo ń fi àwọn alágbára ṣe nínú ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn a sì máa pè mí ní aláìbẹ̀rù. Mo ti rò ó títí ohun tí ǹ bá ṣe lọ́jọ́ náà, mi ò rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe olóore ló pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́, kì í sì í ṣe ọ̀gá. Ohùn wọn ò tó o. Ẹni tó kọ́ ọ pé kó sọ̀rọ̀ nìkan ló lè ṣe é, wọ́n sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí èmi tó mọ̀.