Pọ́ọ̀nù Tí N Kò Jẹ

Òórùn ẹ̀wù òtútù tí òjò pa, tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lára híítà, ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àdúgbò Harpurhey nílùú òyìnbó. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Lọ́jọ́ Sátidé, bí ọmọbìnrin mi bá ń dánra wò pẹ̀lú àwọn akọrin, èmi a jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú díákónì kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ. Ooru èémí wa a bo ojú fèrèsé, orin a máa gba ara ògiri wọlé bí ẹni pé láti abẹ́ omi ló ti ń bọ̀, pátákó ayò ṣẹ́ẹ̀sì a sì wà láàárín wa.

Ìṣirò ni mo fi ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà mo rò pé ayò yìí kò ní le fún mi. Díákónì ló máa ń mú àwọn ọmọ ayò funfun, nítorí pé òun ni àgbà. Yóò gbé pọ́ọ̀nù, ọmọ ayò kékeré, tó wà níwájú ayaba rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì sí àárín. Èmi náà a gbé tèmi pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ti pọ́ọ̀nù tó wà lápá òsì rẹ̀ síwájú, gbangba, níbi tí mo ti lè jẹ ẹ́. Èmi a sì jẹ ẹ́. "Ẹ ṣeun, sà." Màá wá máa kó pọ́ọ̀nù mi yòókù jáde láti ṣọ́ ẹ̀bùn náà, àárín pátákó á di tirẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ilé mi á fi tú ká.

"Tíṣà, ẹ tún ti jẹ ẹ́!" Ẹ̀rín á máa mì í léjìká. "Ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ nílé ọmọ yín ní Salford ni?"

"Kí àgbà nawọ́ nǹkan sí mi, kí n ní n kò gbà? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀, sà."

"Ta ní kẹ́ ẹ bú mi? Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Ẹ kàn ti tiyín lẹ́yìn."

Ó fi hàn mí: pọ́ọ̀nù iwájú ọba mi á sún ní ìṣísẹ̀ kan péré, láti gbe èyí tó wà láàárín lẹ́yìn. Àwọn kan a máa sọ pé ńṣe ni funfun fi pọ́ọ̀nù apá òsì yẹn tọrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Funfun lè gba ohun rẹ̀ padà bó bá yá. Àárín pátákó ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ ẹ́ náà ní ìnira tirẹ̀, nítorí ọmọ ayò tí wọ́n ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayaba mi, á há sẹ́yìn pọ́ọ̀nù tí mo sún yẹn.

"Sùúrù ni," ni díákónì wí. "Ẹ kó ẹṣin jáde, ẹ fi ọba pamọ́. Bí gbogbo ilé bá ti tò tán, ẹ ti pọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ yín lu àárín tèmi. Ọ̀nà á là."

Odidi ìgbà òtútù kan ni mo fi kọ́ ọ, mo sì ń rí àwọn igun dúdú àti funfun yẹn lójú oorun.

Ní àsìkò náà gan-an ni ọkọ ọmọ mi kun yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ní àwọ̀ ewé, ó sì gbé ibùsùn tuntun sí i. Àwọn ìbejì wọn ni mo wá bá wọn tọ́jú. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n padà sí Abẹ́òkúta.

"Mummy, yàrá yín rèé. Ẹ má lọ mọ́. Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìgbélùú yín."

Ó ti pẹ́ tí ìyá tirẹ̀ ti kú, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé kò lè dúró lójú kan. Ẹnu mi ti fẹ́ gbà. Ta ló ń sọ pé òun kò gba ohun rere lọ́wọ́ àna rere? Ṣùgbọ́n ilé mi wà ní Abẹ́òkúta tó ń dúró dè mí, sàárè ọkọ mi sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá gba yàrá yẹn, màá fi ìyókù ọjọ́ ayé mi ṣọ́ ọ pẹ̀lú ọkàn tí kò sí nílé.

"Bàbá Ìbejì, inú mi dùn gan-an," mo ní. "Ibí ni n ó máa sùn nígbàkigbà tí mo bá wá. Ṣùgbọ́n ilé ni mò ń lọ."

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Mummy?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá."

Ilé pa rọ́rọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. N kò ṣe àlàyé kún un. Mo ń se oúnjẹ, mo ń wẹ àwọn ìbejì, mo ń dúró. Ní ọ̀sán Sunday, Bàbá Ìbejì ní ká jọ wọ tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, lọ sí etí omi ní Salford Quays. Oòrùn rọra tàn sójú omi, àwọn ilé gíga dorí kodò sínú rẹ̀, wọ́n ń mì lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́. Ó di apá mi mú nítorí atẹ́gùn.

"Báwo ni ilé yẹn ṣe rí, Mummy?"

Mo sọ fún un: àga sìmẹ́ńtì tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, bí àpáta Olúmọ ṣe máa ń pọ́n lọ́ọ̀ọ́kán ní ìrọ̀lẹ́, sàárè náà àti koríko tó yí i ká. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Mo máa kó àwọn ọmọ wá," ó ní. "Kí wọ́n wá kí Daddy."

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, mo kọ́ àwọn ọmọ láti fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń sọ pé a kò gba nǹkan kí ìfẹ́ má bàa bàjẹ́, nítorí èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ó ti wá yé mi báyìí pé ẹni tó fẹ́ràn rẹ lè fara da "rárá" rẹ, bí ìwọ náà bá lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa tẹ̀ lé e.