Orúkọ Kan Tó Kù Lára Òkúta

Ìlú epo rọ̀bì ni Houston, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo rí níbẹ̀ láwọn ọdún 1980, nígbà tí mò ń kàwé gboyè kejì, ni wíwá ẹbí àwọn tó kú sínú kòtò èédú. Ẹ̀gbọ́n tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Gulfton, ẹnjiníà epo tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ àmọ́ tó ṣì ń so táì lọ sí mall, fi mí rẹ́rìn-ín títí.

"Àbúrò, àwa alààyè ò ríṣẹ́, òkú lo wá ń wá kiri. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀mọ̀wé olókùú!"

Ìpínlẹ̀ mìíràn ni kòtò náà wà. Ó ti bú gbàmù nígbà tí bàbá tèmi ṣì wà lọ́mọdé. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ orúkọ àwọn tó kú sára òkúta, ọ̀jọ̀gbọ́n mi ló sì ń kó orúkọ jọ. Ìwé ilé-iṣẹ́ náà to orúkọ àwọn òyìnbó létòlétò. Ti àwọn dúdú, ohun tí wọ́n kọ ni "alágbàṣe dúdú, mẹ́rin". A ti rí mẹ́ta. Wọ́n ní ọmọbìnrin ẹnì kẹrin wà ní Third Ward, àdúgbò àwọn dúdú ní Houston níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹni tó máa gbẹ́ òkúta náà máa gba ìwé orúkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, ó di gbére.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí ẹ̀wù kóòtù mi gbà mí láyè. Ìyá àgbà náà fún mi ní búrẹ́dì àgbàdo, ó bi mí ọmọ ta ni mí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wúkọ́, bó ṣe máa ń gbé e lé èjìká, àti bí ìyá rẹ̀ ṣe dúró lẹ́nu kòtò náà fún ọjọ́ méjì. Ojú ìwé méje ni mo kọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á tán. "Ó dára gan-an. Kí ni orúkọ ọkùnrin náà?"

Mi ò béèrè. Nílé wa, ọmọdé tó bá jókòó síwájú ẹni tó dàgbà tó ìyá rẹ̀, tó ní kí ni wọ́n ń pe bàbá yín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló máa gba èsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ìwé gbẹ̀ǹgbẹ̀ lórí ọ̀wọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà kò rí ọ̀wọ̀ kankan nínú èyí.

Mo padà lọ lọ́jọ́bọ̀. Mo kí ìyá, mo béèrè àlàáfíà orúnkún rẹ̀, mo béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀ sí. Níkẹyìn, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Kí ni wọ́n ń pe bàbá yín?"

Ó gbé ife kalẹ̀.

"Ọmọ, wákàtí mẹ́ta lo fi jókòó síbí lọ́jọ́sí. Mò ń retí kí o bi mí. Nígbà tó o lọ, mo ní àwọn ará ilé-iṣẹ́ èédú yẹn náà ló tún rán ẹ wá, àwọn tí kò nílò orúkọ wa."

"Nílé wa, a kì í bi àgbà bẹ́ẹ̀, Màmá. Wọ́n á ní mo rí yín fín."

"Nílé tiwa, ẹni tí kò bá béèrè ló rí wa fín."

Ó ṣí Bíbélì. Ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́: orúkọ ọkùnrin náà, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, ọjọ́ tí kò padà wálé. Mo dà á kọ, mo sì ka àwọn lẹ́tà inú orúkọ náà sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, inú ọ̀jọ̀gbọ́n ò dùn, torí àwọn orúkọ yòókù ti wà ní títò láti A dé Z. Ó ṣáà fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí wọ́n gbé òkúta náà dúró, mo mú fọ́tò rẹ̀ lọ bá ìyá. Ó fi ìka tẹ orúkọ náà, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Òun ló kẹ́yìn. Ìyá mi ní kò sọ́jọ́ tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́." Ìka rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. "Ọjọ́ tó yẹ kó pẹ́ gan-an ni kò pẹ́."