Àwọn Igi Àgbáyun Etí Oko Bàbá Mi

Igi àgbáyun mẹ́rìnlá ni bàbá mi gbìn sí etí oko kòkó rẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó. Ẹni tí kò bá mọ àgbáyun, èso kékeré kan ni, ó rí bí ẹyin aláǹgbá tí wọ́n fi osùn pa lára. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti jẹ ẹ́, tó yí kóró rẹ̀ ká inú ẹnu dáadáa, oúnjẹ kíkan tó bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ á máa dùn bí oyin ni.

Tí a bá bá bàbá mi lọ sóko lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń já díẹ̀ sínú àpò bùbá rẹ̀ kí a tó máa bọ̀ wá sílé. Àwa ọmọ ti já tiwa jẹ, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àpò yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí a bá ti dé ilé wa ní Ìlódè, màámi ló máa kó o fún. Màámi á gbà á, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wọ yàrá lọ, bàbá mi á sì tẹ̀ lé e. Wọ́n á tilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, mi ò sì béèrè.

Mo ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí bàbá mi kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Láti ìgbà náà, màámi kò jẹ àgbáyun mọ́. Ó ń lọ sóko, ó ń bójú tó kòkó, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi àwọn igi yẹn, á yíjú sápá kejì bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Èso ń pọ́n, èso ń rẹ̀. Ẹyẹ jẹ nínú rẹ̀, ilẹ̀ jẹ ìyókù.

Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, tí mo sì sin ìlú tán, iṣẹ́ kò sí. Mo padà sọ́dọ̀ màámi, mo ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé aládàáni kan. Lọ́jọ́ kan, màámi rán mi lọ sí ìpàdé àwọn àgbẹ̀ nítorí orúnkún ń dùn ún. Ibẹ̀ ni àǹtí kan ti dìde, ó ní òun ń fi irè oko ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì béèrè bóyá ẹnìkan mọ ibi tí òun ti lè rí àgbáyun tútù.

Mo ní, "Ìyá mi ní igi mẹ́rìnlá."

Ó kúrò níbi tó jókòó sí, ó wá jókòó tì mí. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí àìsàn tàbí oògùn líle ti ba ẹnu wọn jẹ́, tí oúnjẹ máa ń korò lẹ́nu wọn. Àwọn yẹn ń wá àgbáyun bí ẹni ń wá wúrà. Ó kàn jẹ́ pé èso náà kì í pẹ́ bàjẹ́: tí wọ́n bá já a láàárọ̀, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kejì lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Màámi ń gé ilá ní ilé ìdáná nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Kò gbójú sókè.

"Bàbá rẹ kò gbin igi yẹn fún ọjà," ni ó wí.

"Màámi, ẹyẹ ló kàn ń jẹ ẹ́ dànù o."

"Ẹyẹ kì í gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ń já a fúnra rẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ń múra àtilọ sí ilé ìwé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Àwọn tí ẹnu wọn korò tí o sọ yẹn," ó ní, "ṣé wọn kì í lè jẹun rárá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni àǹtí náà wí.

"Sọ fún un pé kó wá."

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. A kó àwọn àpò kòkó òfìfo kúrò nínú yàrá ìta, a kun ún ní ọ̀dà funfun, a fi táìlì sí ilẹ̀, a sì gbé tábìlì gígùn kan sí àárín. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ irè oko wò wá, wọ́n wo omi wa, wọ́n wo ọwọ́ wa. Lọ́jọ́ tí a bá máa já èso, a gbọdọ̀ ti wà lóko kí oòrùn tó yọ. A ó já a pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ kí awọ má baà ya, a ó gbé e délé nínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, a ó wá rọra gé ọrùn náà kúrò. Lẹ́yìn náà la ó fi aṣọ rírọ̀ nù ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí a ó tò ó sínú ike pẹlẹbẹ, tí a ó kó ike sínú kúlà tó ní yìnyín nísàlẹ̀. Ọkọ̀ àǹtí á ti máa dúró níta láti gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní Èkó.

Màámi ni olórí àwọn tó ń ṣà á. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, nítorí náà kì í fi ojú ṣà. Á mú èso kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, á yí i lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Èyí tó dára á lọ sápá ọ̀tún, èyí tí kò dára á lọ sápá òsì. Èmi tí ojú mi ríran kedere, mo máa ń bá a jiyàn.

"Màámi, èyí ti pọ́n. Ẹ wò ó, ó pupa dẹ̀dẹ̀."

"Ó pọ́n lójú, kò gbó nínú. Gbé e sọ́hùn-ún."

Nígbà mìíràn, inú àǹtí kì í dùn sí i, nítorí màámi lè kọ ìdajì agbọ̀n. Ó sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Àwọn òyìnbó kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn."

Màámi dá a lóhùn pé, "Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá la fẹ́ fún. Yóò mọ̀ ọ́n."

Ẹrù àkọ́kọ́ tí a dì kò rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀. Mọ́tò bàjẹ́ lẹ́yìn Ìkirè, kí wọ́n tó tún un ṣe, ọkọ̀ òfurufú ti gbéra. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àwọn kúlà náà padà wá sí Ìlódè. Yìnyín ti di omi. Nígbà tí mo ṣí ike àkọ́kọ́, àwọn èso náà ti ń dúdú, wọ́n ti rọ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìlì tuntun yẹn, mo bú sẹ́kún. Àǹtí dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Màámi wọlé. Kò bínú, kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó ti ọwọ́ bọ inú ike, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó ṣì le díẹ̀. Ó rí mẹ́ta. Ó ní kí n lọ mú ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan kan, kí n gé e wá.

Nígbà tí mo gbé ọsàn dé, ó fún àǹtí ní ẹyọ kan, ó fún mi ní ẹyọ kan, ó ju ìkẹta sẹ́nu. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n kò tíì rí i kó fi àgbáyun kan ẹnu. Ó yí i títí, ó tu kóró rẹ̀ sọ́wọ́, ó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó di ojú rẹ̀.

"Nígbà tí mo lóyún tí kò dúró," ni ó bẹ̀rẹ̀, "kí n tó bí yín, ibà dá mi gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbogbo nǹkan ló ń korò. Omi gan-an ń korò. Mo ti ń kú lọ. Bàbá yín gbọ́ pé igi àgbáyun kan wà nínú oko ẹnìkan lápá Ifẹ̀tẹ̀dó. Ojoojúmọ́ ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, á já méjì. Á fi ọ̀kan sí mi lẹ́nu, á wá fún mi ní ògì kíkan lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni mo jẹ tí mo fi dìde. Nígbà tí mo dìde tán, ó lọ tọrọ kóró, ó gbìn ín."

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá tí wọ́n ń tilẹ̀kùn.

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Kí la fẹ́ ṣe? Ẹyọ kan tèmi, ẹyọ kan tirẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ kan láàárín wa. A óò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, a óò máa jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé a ń sọ nǹkan kan."

Ẹrù kejì dé ibi tó ń lọ láyọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, àǹtí fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí Wasáàpù mi. Òyìnbó arúgbó kan ni, ó ti rù, gbogbo irun orí rẹ̀ ti re. Ó jẹ àgbáyun tán, ó gé ọsàn kíkan, ó fi sẹ́nu pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ojú rẹ̀ wá là lójijì. Ó bù sí i, ó tún bù sí i. A kò rí ìyàwó rẹ̀ tó ń ya fídíò, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Màámi gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì.

"Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tún un ṣe kí n gbọ́ ọ."

Mo tún un ṣe títí bátìrì fi kú.

Láti ọjọ́ náà, tí àǹtí bá ti wá kó ẹrù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màámi máa bi í ni pé, "Bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń jẹun?" Àǹtí á ní ó ṣì ń jẹun, nítorí wọ́n ṣì ń béèrè fún ti ilé wọn. Ó di àkókò òjò kan, màámi tún bi í. Àǹtí ní wọn kò béèrè fún un mọ́.

Màámi ń ṣa èso lọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa ike kan sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣa àwọn tó dára jù lọ nínú agbọ̀n sínú rẹ̀, ó sì dé e pa. "Ẹ bá mi fi èyí rán sí ìyàwó rẹ̀," ó wí fún àǹtí. "Ẹ sọ fún un pé obìnrin bíi tirẹ̀ ló kó o fún un."

Àǹtí mú un lọ. Kò sí èsì kankan tó padà wá, n kò sì mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn, obìnrin kan tí n kò mọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, pẹ̀lú ẹyọ àgbáyun kan.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni màámi kú, nígbà tí igi kò ní èso kankan lórí. Ó sùn lọ́sàn-án, kò jí. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tí èso tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mo rò pé n kò ní í lè wọ yàrá ìta yẹn mọ́, ṣùgbọ́n àǹtí pè mí, ó ní àwọn kan ń dúró de èso. Mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Mo ti gbin igi kún àwọn mẹ́rìnlá yẹn, obìnrin mẹ́fà ló sì ń bá mi ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn kan láti Ìlódè, àwọn kan láti Modákẹ́kẹ́. Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń fi ojú ṣà ni. Ọwọ́ mi kò mọ ohun tí ọwọ́ màámi mọ̀, màámi kò sì jókòó kọ́ mi rí. Èmi náà kò béèrè, mo rò pé àyè ṣì wà.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà na èso kan sí mi, ó ní, "Ẹ wo èyí, mà, ṣé ó ti gbó?"

Iṣẹ́ ti wọ̀ mí lára, n kò gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ fi han màámi."

Gbogbo ọwọ́ dúró lórí tábìlì. Obìnrin náà rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mo gba èso náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dijú, mo yí i láàárín ìka mi méjèèjì, mo tún yí i. Ìka mi kò mọ nǹkan kan lára rẹ̀. Awakọ̀ ti ń fun fèrè níta, oòrùn sì ti ń gòkè.