Ohun Tí Mo Mọ̀ Nípa Ìyá Àgbà Dónà

Òórùn ẹja tútù ni mo fi ń mọ̀ pé a ti dé ọjà Rye Lane ní Peckham, nílùú òyìnbó, láàárọ̀. Mọ́mì á di ọwọ́ mi mú gírígírí láàárín èrò, wọ́n á fi ọwọ́ kejì gbá báàgì iṣẹ́ wọn mọ́ra. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń lọ. Tí a bá dé ẹnu géètì ilé ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Má bá tíṣà jiyàn o. Ọmọ tó gbọ́ràn ló ń gbayì."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Dónà ni mo ń bá jókòó. Kánádà ni òun àti ìyá rẹ̀ ti wá. Ọmọ Haudenosaunee ni wọ́n, àwọn ìran tó ti para pọ̀ di ọ̀kan kí òyìnbó tó dé ilẹ̀ wọn. Mo ti bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nílé wọn rí. Ìyá náà bi mí bóyá mo ti jẹun, bí ìyá àgbà tèmi gan-an ṣe máa ń bi mí láti Ìjẹ̀bú.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa pín bébà aláwọ̀ fún wa pé ká gé e bí ìyẹ́ ẹyẹ, ká fi ṣe fìlà. Wọ́n ní àwọn tó ni ilẹ̀ Kánádà kí òyìnbó tó dé ló ń dé irú fìlà bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti kú tán tipẹ́tipẹ́.

Dónà na ọwọ́ sókè. "Miss, a ò kú. Ìyá àgbà mi ṣì wà ní Kánádà."

Tíṣà ní kó yé parọ́. Dónà bá yíjú sí mi: "Sọ fún Miss. Ìwọ náà bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

Mo tẹjú mọ́ sísọ́ọ̀sì ọwọ́ mi. Tíṣà ní kí Dónà lọ dúró síta.

Nígbà tí mo rò ó fún Mọ́mì nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé ṣíbí ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Mo ní o má jiyàn. Ṣé mo ní o má jẹ́rìí ni? Lọ sọ fún tíṣà lọ́la."

Mo ní mo ti gbọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mi ò sọ ọ́. Ti ọjọ́ kẹta náà mọ́, mi ò sọ ọ́. Dónà kó ìwé rẹ̀ lọ sí tábìlì mìíràn. Nígbà tó yá, òun àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí àdúgbò Kennington, mi ò sì rí i mọ́.

Èmi náà ti di tíṣà báyìí, ní Peckham níbí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n kó àwa tíṣà jọ láti kọ́ wa bí a ó ṣe máa kọ́ ọmọ ní ìtàn Haudenosaunee. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Haudenosaunee fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa, láti orí kọ̀ǹpútà. Ó ní àwọn ìyá ló ń yan olóyè láàárín wọn títí dòní. Ó ní, "Ẹ má sọ fún ọmọ pé a ti wà rí. A ṣì wà."

Mo dìde. Mo ní ọmọ wọn kan wà ní kíláàsì wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ṣé ó sọ fún yín pé a ṣì wà?" obìnrin náà bi mí.

"Ó sọ. A ò gbà á gbọ́ ni."

Ó rọra mi orí. Ẹlòmíràn béèrè ìbéèrè tirẹ̀. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Èmi gbà á gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè sọ pé ẹ̀rù ló ba òun. Àgbàlagbà tó dìde lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, kí ló bà á lẹ́rù tó fi sá pamọ́ sábẹ́ "a"?